Bíárìn Sìtíárìn tó Há Mọ́ Ọrùn Fírémù: Ohun tó Dì í Mú àti Bí a Ṣe Ń Yọ Ọ́

Ọ̀pọ̀ ẹni tó ní alùpùpù ní Abẹ́òkúta ló ti gbọ́ ọ̀rọ̀ kan lẹ́nu mẹkáníìkì tí kò yé wọn títí wọ́n fi sanwó: pé bíárìn sìtíárìn ti há sínú fírémù, pé kò ṣeé yọ mọ́, nítorí náà kí wọ́n tètè lọ wá fírémù mìíràn. Láti Lafẹ́nwá títí dé Àdátán, ẹni tó ń fi ọ̀kadà jẹun mọ ohun tí ọ̀rọ̀ yìí yóò ṣe fún àpò rẹ̀, ṣùgbọ́n ìwọ̀nba ni àwọn tó mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú irin náà gan-an. Lójú tèmi, fírémù tí bíárìn tó há bà jẹ́ fúnra rẹ̀ kò pọ̀. Èyí tó pọ̀ ni fírémù tí wọ́n fi òòlù bà jẹ́ nígbà tí wọ́n ń yọ bíárìn náà láìkọ́kọ́ wádìí ohun tó dì í mú. Mo kọ àlàyé yìí fún ẹni tó ni alùpùpù, kí ó lè mọ ìbéèrè tó yẹ kó bi mẹkáníìkì rẹ̀, mo sì kọ ọ́ fún ọmọṣẹ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ṣẹ́ lọ́wọ́ ọ̀gá.

Kí ni à ń pè ní bíárìn sìtíárìn?

Ẹ wo iwájú alùpùpù. Níbi tí fírémù ti pàdé fọ́ọ̀kì iwájú, páìpù kúkúrú kan wà níbẹ̀ tó dagun díẹ̀ sẹ́yìn. Òun ni à ń pè ní ọrùn fírémù. Ọ̀pá irin kan tó so mọ́ fọ́ọ̀kì gba inú ọrùn yìí kọjá sókè, òun ló sì ń yí nígbà tí a bá darí háńdù sọ́tùn-ún tàbí sósì. Bí irin bá ń yí nínú irin láìsí ohunkóhun láàárín wọn, wọn yóò jẹ ara wọn tán láìpẹ́, ìdí sì nìyẹn tí wọ́n fi fi bíárìn kan sí òkè ọrùn tí wọ́n tún fi òmíràn sí ìsàlẹ̀ rẹ̀.

Bíárìn kọ̀ọ̀kan ní apá mẹ́ta. Òrùka òde ni èyí tí wọ́n fi agbára tẹ̀ wọ inú ọrùn fírémù. Òrùka inú ni èyí tó jókòó sára ọ̀pá. Àwọn ọmọ bíárìn, tí wọ́n rí róbótó, tàbí gbọọrọ nínú àwọn kan, wà láàárín òrùka méjèèjì, wọ́n sì ń yí nínú gírísì. Àwọn tó ń ta páàtì máa ń pe gbogbo rẹ̀ papọ̀ ní bọ́ọ̀lù réèsì. Nígbà tí mẹkáníìkì bá tú iwájú alùpùpù sílẹ̀, àwọn ọmọ bíárìn máa ń já bọ́ fúnra wọn, òrùka inú ti òkè sì máa ń fọwọ́ yọ. Ohun tó máa ń kù ni òrùka òde méjì tó wà nínú ọrùn, àti òrùka inú kan tó wà ní ìsàlẹ̀ ọ̀pá. Nítorí náà, bí ẹ bá gbọ́ pé bíárìn ti há, ọ̀kan nínú àwọn òrùka mẹ́ta yìí ni ọ̀rọ̀ náà ń bá wí, ó sì yẹ kí ẹ béèrè èwo ni, nítorí ọ̀nà tí a fi ń yọ wọ́n kò jọra.

Báwo ni a ṣe ń mọ̀ pé ó ti tó pààrọ̀?

Ẹ gbé alùpùpù náà sórí ìdúró àárín rẹ̀, kí ẹnì kan tẹ ẹ̀yìn rẹ̀ mọ́lẹ̀ kí táyà iwájú lè kúrò nílẹ̀. Ẹ wá rọra yí háńdù láti apá kan dé apá kejì. Bí ó bá ń dúró díẹ̀ ní àárín gbùngbùn, bí ẹni pé ihò kékeré kan wà níbẹ̀ tó ń gbà á mú, àwọn ọmọ bíárìn ti lu ara òrùka jinlẹ̀ nìyẹn. Lẹ́yìn náà, ẹ di ìsàlẹ̀ fọ́ọ̀kì mú, ẹ fà á síwájú kí ẹ sì tì í sẹ́yìn. Bí ó bá ń dún kò, kò, nǹkan ti yọ̀ nínú ọrùn. Ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ pé nọ́ọ̀tì rẹ̀ ló dẹ̀, dídì nìkan sì lè tó. Ṣùgbọ́n ihò kékeré tó ń gba háńdù mú ní àárín kò ní oògùn mìíràn ju kí a pààrọ̀ òrùka lọ.

Ojú ọ̀nà wa kò ṣàánú fún bíárìn yìí. Alùpùpù tó ń gun òkè tó tún ń sọ̀ kalẹ̀ láàárín àpáta, tó ń ru àpò gààrí tàbí gbágùúdá láti ìgbèríko Odẹ̀dá wọ ìlú, ń fi ọrùn rẹ̀ gba gbogbo ìkọlù tí táyà iwájú bá gbà, ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Kí ló dé tí òrùka náà fi ń há?

Ohun mẹ́ta ló ń di òrùka mú, wọn kì í sì í fi bẹ́ẹ̀ dá wà.

Àkọ́kọ́ ni pé bí wọ́n ṣe fẹ́ kó rí ni ó rí. Àwọn tó ṣe alùpùpù náà mọ̀ọ́mọ̀ jẹ́ kí ihò ọrùn fi ìwọ̀nba díẹ̀ kéré sí òrùka tí yóò wọ inú rẹ̀, ìwọ̀n tí kò ju ìdá mélòó kan nínú ọgọ́rùn-ún mìlímítà kan lọ. Àgbẹ̀ tí irin ọkọ́ rẹ̀ bá ń mì lórí erùkọ́ máa ń rẹ ẹ́ sínú omi mọ́jú. Igi náà yóò wú, irin yóò sì dì í mú gírígírí láìsí ìṣó, láìsí àtè, nítorí pé fífún tí wọ́n fún mọ́ ara wọn ti tó. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni òrùka ṣe dúró nínú ọrùn fírémù. Bí kò bá fún, yóò máa yí pẹ̀lú ọ̀pá, yóò sì máa gbẹ́ fírémù láti inú.

Ìkejì ni ìpẹtà. Òjò tó ń rọ̀ láti nǹkan bí oṣù Ẹrẹ́nà títí di Ọ̀wàrà, àti omi alágbára tí àwọn tó ń fọ ọkọ̀ máa ń yìn sí iwájú alùpùpù, máa ń wọ inú ọrùn láti òkè. Omi náà kò ríbi jáde, ó sì máa ń dúró lórí òrùka ìsàlẹ̀, ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé ti ìsàlẹ̀ ló sábà máa ń há jù. Ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kò mọ̀ ni pé irin tó bá ti di ìpẹtà máa ń gba àyè tó ju ìlọ́po méjì èyí tó gbà tẹ́lẹ̀ lọ. Bí ìpẹtà bá wà láàárín òrùka àti ihò ọrùn, níbi tí kò ti sí àyè tẹ́lẹ̀ rárá, ṣe ni yóò máa fún wọn pọ̀ sí i lójoojúmọ́.

Ìkẹta ni pé kò sí ibi tí a ó ti mú un. Nínú àwọn fírémù kan, etí òrùka yọ díẹ̀ sínú ọrùn, irin tí a bá sì tì bọ inú láti òdìkejì yóò rí ibi gbá. Nínú àwọn mìíràn, etí òrùka àti ògiri ọrùn bára mu dọ́gba. Òrùka bẹ́ẹ̀ lè má fún jù, kó má sì dípẹtà, síbẹ̀ kó jókòó síbẹ̀ nítorí pé kò sí ohun tí òòlù lè bá.

Kí ni òòlù tí a kàn sọ lù ú ń ṣe?

Irin bíárìn kì í ṣe ẹgbẹ́ irin fírémù. Irú èyí tí wọ́n ń lò jù lágbàáyé ní nǹkan bí ìdá 1 kábọ́ọ̀nù àti ìdá 1.5 kírómíọ̀mù nínú ọgọ́rùn-ún, wọ́n sì fi iná sè é títí tí fáìlì kò fi lè jẹ ẹ́. Irin tó le tó bẹ́ẹ̀ kì í tẹ̀. Fífọ́ ló ń fọ́, èéfọ́ rẹ̀ sì ń fò bí ọta ìbọn. Ẹni tó bá ń lu òrùka bíárìn láìfi awò bo ojú ń fi ojú rẹ̀ wéwu, mi ò sì fẹ́ kí ọmọṣẹ́ kankan gbà pé àṣejù ni mo ń sọ.

Irin ọrùn fírémù, ní tirẹ̀, rọ̀ jù ú lọ. Nígbà tí ṣísẹ́lì bá yọ̀ kúrò lára òrùka, ara ògiri ihò ló máa gbá. Ojú ibi tó gbá yóò jìn, etí rẹ̀ yóò sì yọ sókè bí ẹ̀gún tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí ẹ lè fi èékánná ìka mọ̀. Ẹ̀gún yìí á wá dúró sí ọ̀nà òrùka tí a fẹ́ lé jáde. Bí a ṣe ń lù ú sí i ni a ń dínà fún un sí i, bí a bá sì pàpà yọ ọ́, òrùka tuntun kò ní jókòó dọ́gba lórí ibi tí ọgbẹ́ wà.

Ohun kan tún wà tó yẹ kí ẹni tó ni alùpùpù mọ̀. Nínú ọ̀pọ̀ alùpùpù, ara ọrùn yìí gan-an ni wọ́n lu nọ́ńbà ṣaṣíìsì sí, òun ló sì wà nínú ìwé ọkọ̀ yín. Ẹni tó bá gé ibẹ̀, tó fi iná jó o, tàbí tó ní kí ẹ pa fírémù náà tì kí ẹ ra àlòkù mìíràn, ti sọ ọ̀rọ̀ bíárìn di ọ̀rọ̀ ìwé àti ti ọlọ́pàá. Kí ẹ tó gbà, ẹ kọ́kọ́ rí i dájú pé gbogbo ọ̀nà tó wà nísàlẹ̀ yìí ni wọ́n ti gbìyànjú.

Kí la ń ṣe kí a tó bẹ̀rẹ̀?

Fífọ̀ ló ṣáájú. Ẹ fi kẹrosíìnì àti búrọ́ọ̀ṣì fọ gírísì àtijọ́ kúrò títí ẹ ó fi rí ìlà tó pààlà láàárín òrùka àti fírémù. Òrùka máa ń dán, fírémù máa ń dúdú, ìpẹtà tó wà láàárín wọn sì máa ń pupa rúsúrúsú. Bí ẹ kò bá tíì rí ìlà yìí, ẹ kò tíì mọ ohun tí ẹ fẹ́ yọ. Ẹ tan tọ́ọ̀ṣì láti òdìkejì ọrùn, ẹ wò ó bóyá etí òrùka yọ, ẹ sì wò ó bóyá wọ́n gé àyè méjì kékeré sí ògiri ọrùn lẹ́yìn òrùka, nítorí àwọn kan nínú àwọn tó ń ṣe alùpùpù máa ń fi irú àyè bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ kí irin lè rí ibi gbá.

Bí ìpẹtà bá pọ̀, ẹ fi díísù tó lú mọ́ ọ́ìlì díẹ̀, tàbí epo tí wọ́n ṣe fún títú irin tó há, sí ìlà náà, kí ẹ sì fi í sílẹ̀ di ọjọ́ kejì. Epo kì í sáré. Ó nílò àkókò láti wọ inú àlàfo tí ojú kò rí. Àwọn kan máa ń da ọ́ìlì bíréèkì sí i, ṣùgbọ́n yóò bó ọ̀dà fírémù, ara ọrùn yóò sì bẹ̀rẹ̀ sí í dípẹtà láti òde.

Bí etí òrùka bá hàn ńkọ́?

Èyí ni ó rọrùn jù, òun náà sì ni ìkánjú sábà máa ń bà jẹ́. Ẹ wá irin gígùn kan tó le, tí ó lè ti òkè ọrùn dé ìsàlẹ̀ kó tún ku ibi tí ọwọ́ yóò dì mú. Ẹ jẹ́ kí orí rẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ, kí igun rẹ̀ sì mú ṣáká, nítorí irin tí orí rẹ̀ ti rí róbótó yóò máa yọ̀. Ẹ tì í wọlé láti òkè bí òrùka ìsàlẹ̀ lẹ bá ń yọ, láti ìsàlẹ̀ bí ó bá jẹ́ ti òkè, kí ẹ gbé e lé etí òrùka, kí ẹ sì lù ú lẹ́ẹ̀kan.

Lẹ́yìn èyí, ẹ gbé irin náà lọ sí apá òdìkejì, ẹ tún lù ú lẹ́ẹ̀kan. Ẹ lọ sí ẹ̀gbẹ́ kẹta, kí ẹ sì lọ sí ẹ̀kẹrin. Àṣìṣe ńlá ni kí a dúró sójú kan kí a máa lù ú, nítorí apá ibẹ̀ yóò jáde nígbà tí apá kejì ṣì wà nílé, òrùka yóò dagun, yóò sì fi igun rẹ̀ gun ògiri ihò lápá méjì. Òrùka tó bá ti dagun há ju èyí tí a kò tíì fọwọ́ kàn lọ. Bí ó bá ṣẹlẹ̀ bẹ́ẹ̀, ẹ kọ́kọ́ lu apá tó jáde padà sínú kí ó fi dọ́gba, kí ẹ tó tún bẹ̀rẹ̀.

Ẹ máa fetí sí ìró. Òrùka tí kò tíì mira máa ń dún ganran bí agogo, nítorí òun àti fírémù ṣì jẹ́ ọ̀kan. Bí ó bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í rìn, ìró náà yóò wúwo, yóò sì kú. Ẹni tó bá gbọ́ ìyípadà yẹn mọ̀ pé agbára tó ń lò ti tó, kò sì yẹ kó fi kún un.

Iná ńkọ́, ibo ló yẹ kí ó bá?

Irin máa ń fẹ̀ bí ó bá gbóná. Ihò irin tó fẹ̀ tó mìlímítà 50, bí ìgbóná rẹ̀ bá fi 100°C lékún, yóò fi nǹkan bí mìlímítà 0.06 fẹ̀ sí i. Ó kéré lójú, ṣùgbọ́n ẹ rántí pé ìdá mélòó kan nínú ọgọ́rùn-ún mìlímítà ni òrùka fi ju ihò rẹ̀ lọ, nítorí náà ìwọ̀n kékeré yìí ti tó láti tú u sílẹ̀.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣì í ni pé wọ́n máa ń yin iná sínú ọrùn, tí òrùka yóò sì gbóná ṣáájú fírémù. Òrùka ló máa fẹ̀ nígbà náà, yóò sì fún sí i. Bí ẹ bá fi iná sí méjèèjì papọ̀ títí wọ́n fi gbóná dọ́gba, wọn yóò jọ fẹ̀, kò sì ní sí èrè kankan. Ara ọrùn láti òde ni kí ẹ fi iná sí, kí ẹ máa gbé e yí po, kí ẹ má dúró sójú kan, kí ẹ sì ṣe é kíákíá kí ìgbóná tó dé inú. Nígbà tí omi tí ẹ ta sí i bá ń hó tó sì ń gbẹ lójú ẹsẹ̀, ó ti tó. Bí irin bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n, ó ti kọjá ààlà. Ojú ibi tí wọ́n ti jó páìpù fírémù mọ́ ọrùn ni yóò jìyà rẹ̀.

Tánkì epo gbọ́dọ̀ ti kúrò lára alùpùpù kí ẹnikẹ́ni tó ṣáná. Kí wọ́n gbé e jìnnà, kí wọ́n má kàn tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan nínú ṣọ́ọ̀bù, nítorí òórùn bẹntiróò lè gbiná kódà nígbà tí ojú ọjọ́ bá tutù gan-an. Kí wọ́n nu díísù tí wọ́n fi rẹ ẹ́ lánàá kúrò pátápátá pẹ̀lú.

Bí kò bá sí etí rárá, kí ni ọ̀nà àbáyọ?

Níbí ni ọ̀pọ̀ mẹkáníìkì ti máa ń sọ pé fírémù ti lọ, níbí náà sì ni wẹ́dà tó mọṣẹ́ ti wúlò jù. Ẹ ní kí ó fi iná ẹlẹ́tíríìkì àti ọ̀pá wẹ́dà tẹ́ẹ́rẹ́, èyí tó fẹ̀ tó mìlímítà 2.5, fa ìlà kan yí ojú inú òrùka po, níbi tí àwọn ọmọ bíárìn ti ń yí. Kí ìlà náà wà lára òrùka nìkan. Bí ó bá kan fírémù, òrùka àti fírémù ti di ọ̀kan nìyẹn. Lẹ́yìn náà, kí gbogbo yín fi í sílẹ̀ kó tutù fúnra rẹ̀. Bí ó bá tutù tán, ìgbà púpọ̀ ni òrùka tí òòlù kò mì máa ń jáde pẹ̀lú ìwọ̀nba ìgbá, ìgbà mìíràn sì wà tí ìka nìkan yóò tì í jáde.

Ó máa ń ya àwọn tó kọ́kọ́ rí i lẹ́nu, ṣùgbọ́n ìdí rẹ̀ ṣeé tẹ̀lé. Nígbà tí iná wẹ́dà bá kan òrùka, yóò gbóná gan-an, yóò sì fẹ́ fẹ̀. Ọrùn fírémù tó yí i ká kò tíì gbóná, kò sì fún un láyè, nítorí náà ara òrùka yóò fún pọ̀ mọ́ra nígbà tí ó ṣì rọ̀. Bí ó bá wá ń tutù, ó gbọ́dọ̀ sún kì, irin tó yọ́ tí a fi fa ìlà náà sì ń sún kì pẹ̀lú rẹ̀, ó ń fà á wọ inú láti gbogbo ẹ̀gbẹ́. Òrùka tó tutù tán yóò ti kéré sí bí ó ṣe wà kí a tó bẹ̀rẹ̀, ihò ọrùn kò sì yí padà. Yàtọ̀ sí ìyẹn, ìlà náà yọ sókè, ó ti di etí tí kò sí tẹ́lẹ̀, irin gígùn wa yóò sì rí ibi gbá.

Ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi iná gáàsì ṣe é dípò iná ẹlẹ́tíríìkì, nítorí gáàsì máa ń mú gbogbo ọrùn gbóná kó tó yọ́ irin, ìyàtọ̀ tó ń ṣiṣẹ́ fún wa yóò sì parẹ́. Ẹ má da omi sí i pẹ̀lú. Kí iná tó tàn, ẹ yọ wáyà bátìrì, ẹ sì yọ ti àwọn ẹ̀rọ iná tó wà nítòsí, kí wẹ́dà sì di wáyà áàsì rẹ̀, èyí tí iná ń gbà padà sínú ẹ̀rọ rẹ̀, mọ́ ara ọrùn fírémù gan-an. Bí ó bá dì í mọ́ ẹ̀yìn alùpùpù, iná yóò gba gbogbo ara rẹ̀ kọjá kó tó débẹ̀, ẹ̀rọ tó ń ṣàkóso ṣíṣáná ẹ́ńjìnnì sì lè jó.

Bí kò bá sí wẹ́dà nítòsí, a lè fi òkúta kékeré tó ń yí lórí máṣíìnì ọlọ́wọ́ lọ ojú kan lára òrùka títí yóò fi ku díẹ̀ kó dé ara ọrùn, kí a sì fi ṣísẹ́lì gbá ojú náà. Irin líle kì í tẹ̀, nítorí náà yóò là, fífún rẹ̀ yóò sì tú. Iṣẹ́ sùúrù ni. Ẹni tó bá lọ̀ ọ́ kọjá ààlà ti gbẹ́ fírémù.

Òrùka tó kù sára ọ̀pá ńkọ́?

Ti èyí yàtọ̀, nítorí òun ló wà lóde, ọ̀pá ló sì wà nínú. Ẹ̀kọ́ iná yí padà síhìn-ín: bí ẹ bá mú un gbóná kíákíá, òrùka yóò fẹ̀ kúrò lára ọ̀pá, kí ẹ sì gbé e kúrò nígbà tí ó ṣì gbóná. Ẹni tó bá dúró kó tutù bí ti inú ọrùn yóò rí i pé ó tún fún sí i. Ọ̀nà tí mo fẹ́ràn jù ni kí a fi ṣísẹ́lì méjì tó tẹ́ẹ́rẹ́ gbé e sókè láti abẹ́, ní apá méjì tó kọjú síra, díẹ̀díẹ̀. Bí kò bá gbà, kí a lọ̀ ọ́ lójú kan kí a sì là á.

Ṣé bákan náà ni ti alùpùpù onítáyà mẹ́rin?

Irú alùpùpù tí wọ́n ń pè ní ATV kò pọ̀ nílùú wa, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ní i yóò bá ìṣòro tó jọ èyí pàdé níbòmíràn. Nínú ọ̀pọ̀ wọn, ọ̀pá sìtíárìn gùn láti abẹ́ háńdù títí dé ìsàlẹ̀ fírémù, bíárìn kan ṣoṣo sì wà ní ìsàlẹ̀ yẹn, tí nọ́ọ̀tì àti kótà pín, irin tẹ́ẹ́rẹ́ tí kì í jẹ́ kí nọ́ọ̀tì tú, dì í mú láti abẹ́. Ibẹ̀ súnmọ́ ilẹ̀, ẹrẹ̀ àti omi sì ń bá a tààrà.

Ohun tó ń jẹ́ kí ó há ju ti ọ̀kadà lọ nígbà púpọ̀ ni pé òrùka ìlọ́ọ̀kì tẹ́ẹ́rẹ́ kan wà nínú ojú ihò náà, tó ń dènà kí bíárìn má baà jáde. Ẹrẹ̀ máa ń bò ó mọ́lẹ̀ débi pé ẹni tó ń yọ ọ́ kò ní mọ̀ pé ó wà níbẹ̀. Kò sí òòlù tó yẹ kí ó kan bíárìn náà títí a ó fi yọ rọ́bà tó bò ó, kí a fọ ibẹ̀ mọ́, kí a sì fi púláyà yọ òrùka ìlọ́ọ̀kì náà. Ẹni tó lù ú láìyọ ọ́ ń lu fírémù fúnra rẹ̀. Bí a bá wá lu òrùka inú ti bíárìn yìí, ó lè já pẹ̀lú àwọn ọmọ rẹ̀ kí òrùka òde sì kù sínú ihò. Ẹ má bẹ̀rù bí ó bá ṣẹlẹ̀: ó ti di irú èyí tí a ti ṣàlàyé lókè, ìlà wẹ́dà tó ń tutù yóò sì yọ òun náà.

Ìgbà wo ni fírémù bàjẹ́ lóòótọ́?

Bí ẹ bá rí ìlà lílà níbi tí páìpù ti so mọ́ ọrùn, bí ọrùn bá ti wọ́ nítorí ìjàǹbá, tàbí bí òrùka tuntun bá ń fọwọ́ wọlé tó sì ń fọwọ́ jáde, ọ̀rọ̀ ti yàtọ̀. Ti ìkẹta yìí ṣì ní àtúnṣe: àwọn tọ́nà tó ń yí irin lè gbẹ́ ihò náà dọ́gba kí wọ́n sì fi páìpù tẹ́ẹ́rẹ́ sí i nínú. Ohun tí kò yẹ kí ẹ gbà ni kí mẹkáníìkì fi pọ́ǹṣì lu ihò náà ní kóńkóló kóńkóló kí òrùka lè fún. Orí àwọn kókó kéékèèké yẹn nìkan ni òrùka yóò jókòó lé, wọn yóò tẹ́ láìpẹ́, háńdù yóò sì tún máa mì nígbà tí ẹ wà lórí eré.

Báwo ni a ṣe ń fi tuntun sí i kó má baà há bẹ́ẹ̀ mọ́?

Ẹ fi sáńpépà tó kúnná nu ìpẹtà inú ihò, kí ẹ sì fi ìka yí i po láti mọ̀ bóyá ẹ̀gún kankan ṣì wà níbẹ̀. Ẹ gbé òrùka tuntun sínú fírísà mọ́jú kó lè sún kì díẹ̀. Gírísì fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ lára ihò yóò jẹ́ kí ó wọlé, yóò sì dá ìpẹtà dúró.

Òrùka àtijọ́ ni ohun èlò tó dára jù láti fi lé tuntun wọlé, nítorí ìwọ̀n wọn jọra, ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ gé ojú kan lára rẹ̀ kó lè dẹ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ òun náà yóò há síbẹ̀. Ẹ máa gbá a yí po, ẹ má kan ojú tí àwọn ọmọ bíárìn yóò máa yí lórí rẹ̀. Nígbà tí ìró òòlù bá ti ganran, ó ti dé ìdí. Ẹ tan tọ́ọ̀ṣì wò ó pé kò sí àlàfo lábẹ́ rẹ̀ níbikíbi.

Ẹ má da àwọn ọmọ bíárìn àtijọ́ pọ̀ mọ́ tuntun, ẹ sì fi gírísì kún inú òrùka dáadáa kí ẹ tó to wọ́n. Bí ẹ bá di nọ́ọ̀tì òkè, ẹ gbé táyà iwájú kúrò nílẹ̀ kí ẹ sì ti háńdù díẹ̀: ó yẹ kí ó ṣubú fúnra rẹ̀ sápá kan láìdúró lójú ọ̀nà, kí fọ́ọ̀kì má sì dún nígbà tí ẹ bá fà á síwá sẹ́yìn. Bí ó bá wúwo láti yí, ẹ dẹ nọ́ọ̀tì náà díẹ̀, nítorí èyí tó fún jù máa ń tètè gún òrùka tuntun. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan sí méjì tí ẹ ti ń gùn ún, òrùka yóò ti wọnú àyè rẹ̀ tán, nọ́ọ̀tì náà yóò sì ti dẹ̀ díẹ̀. Ẹ gbé e padà lọ sọ́dọ̀ mẹkáníìkì kí ó tún un dì. Bí ẹ bá sì ń fọ alùpùpù náà, ẹ ní kí wọ́n darí omi alágbára kúrò níbi ọrùn.